Ìpìlẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kan àwọn tí ọkọ̀ àtijọ́ ń wù wọ́n, ó sì kan ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé pẹ̀lú. Ẹ má ṣe wí pé, “Kí ló kàn mí nínú ẹ̀rọ mọ́tò?” Owó tí a ó fi ṣe é, nínú ilé ni yóò ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹ̀rọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1969 ni ilé iṣẹ́ Nissan ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé ọkọ̀ Datsun 240Z jáde. Sílíńdà mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀léra bí ènìyàn mẹ́fà lórí ìlà kan. L24 ni orúkọ ẹ̀rọ náà; ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 2,393 cc. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ti orí títì ọ̀dà nìkan. Òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1971 lọ́wọ́ Edgar Herrmann, àti ní 1973 lọ́wọ́ Shekhar Mehta, nínú eruku àti ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe àbúrò rẹ̀, L28, tí ó jẹ́ 2,753 cc.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn irú ẹ̀rọ yìí? Písítìn kìíní àti ìkẹfà jọ ń lọ sókè sódò ni. Ìkejì àti ìkarùn-ún jọ ń lọ. Ìkẹta àti ìkẹrin náà bẹ́ẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì èyí ni ti èkejì ń pa, nítorí náà ẹ̀rọ náà kì í gbọ̀n jìgìjìgì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí L28 ní agbára sí i, ọ̀nà kan tí ó lókìkí nìyí. Nissan ṣe ẹ̀rọ díísù kan tí ó bá a tan, LD28. Kíráńkì rẹ̀ ń mú písítìn rìn ní mílímítà 83, nígbà tí ti L28 jẹ́ 79. Wọn a mú kíráńkì díísù yìí sínú ẹ̀rọ pẹtiróòlù, wọn a sì gbẹ́ ihò sílíńdà láti mílímítà 86 dé 89. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó di nǹkan bí 3,100 cc.

Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ewu wà. Irin tí a bá ti gbẹ́ kúrò kò ní padà mọ́. Ara ògiri sílíńdà kan lè fẹ́lẹ́ ju ti èkejì lọ láti ìgbà tí wọ́n ti dà á, ojú lásán kò sì lè rí i. Àwọn oníṣẹ́ gidi ní irin iṣẹ́ tí ń fi ìró wọn bí ògiri náà ti nípọn tó. Kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n ná kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Ilé iṣẹ́ ti dá ṣíṣe ẹ̀rọ yìí dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ó bá ba tirẹ̀ jẹ́, àlòkù ni yóò máa wá kiri.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ mímí. Wọn a fi kabúrétọ̀ mẹ́ta tí ó ní ẹnu méjì méjì sí i, kí sílíńdà kọ̀ọ̀kan lè ní ẹnu tirẹ̀. Wọn a tún pààrọ̀ kámúṣáfù, kí fáàfù lè ṣí pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó dára, ṣùgbọ́n bí kámúṣáfù bá ti le jù, ẹ̀rọ náà yóò máa lọ́ra nígbà tí a bá ń rọra rìn láàárín ìlú. Bí ẹ bá sì fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ jù nínú sílíńdà, tí epo kò sì dára tó, ẹ ó gbọ́ ìró bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ẹ má ṣe fi etí dídi sí i. Ìró náà lè lu písítìn já.

Ẹ má gbàgbé pé kíráńkì tí ó gùn a máa lọ́ bí wọ́n bá sá a jù. Àgbá onírọ́bà tí ó wà níwájú rẹ̀ ló ń pa ìlọ́ náà. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ni kí á kọ́kọ́ ṣe? Bíréèkì ni, lẹ́yìn náà rédíétọ̀, lẹ́yìn náà táyà. Ẹ̀yìn ìwọ̀nyí ni agbára. Ọkọ̀ tí ó lè sáré tí kò lè dúró, ikú ni.

Kí ẹ sì ka owó tán kí ẹ tó tú bóòtù kan. Ẹ̀rọ tí a tú sílẹ̀ lábẹ́ tapólì fún ọdún mẹ́ta, àríyànjiyàn ló ń bí láàárín tọkọtaya. Àwọn àgbà wí pé, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.