Nǹkan Oṣù Ò Dé, Oògùn Sì Ń Lọ



Ọmọ ilé wa kan wá bá mi lálẹ́ ní Alápẹ̀rẹ̀ níbí. Tòmátì ló ń tà ní Mile 12, aago mẹ́rin ìdájí ló ń jáde nílé. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ó sì ń lo hóró oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ó ní, "Ìyá, mi ò fò ó lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n nǹkan oṣù mi ò yọjú." Ìgò àgbo kan wà nínú báàgì ẹ̀, ẹnìkan lọ́jà ló fún un pé á fọ inú ẹ̀ mọ́.

Mo ní kó gbé e kalẹ̀ ná.

Kì í ṣe pé mò ń bú àgbo o. Orí àgbo la dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn? Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá òun lóyún, kí ló fẹ́ fọ̀? Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ ya, ó lè gbẹ̀mí èèyàn.

Mo wá bi í dáadáa. Ìgbà yẹn ló rántí pé ní bí oṣù kan sẹ́yìn, òun mu àgbo jẹ̀dí, ìgbẹ́ gbuuru sì mú òun fún ọjọ́ méjì gbáko. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà! Oògùn gbọ́dọ̀ dúró nínú kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá bì kó tó pé wákàtí méjì tó gbé e mì, kó lo òmíràn. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru líle bá mú ju ọjọ́ kan lọ, kó ka àwọn ọjọ́ yẹn mọ́ èyí tó fò. Bó bá ṣe ẹyọ kan lẹ fò, ẹ gbé e mì bẹ́ ẹ bá ti rántí, kódà kó di méjì lọ́jọ́ kan. Bó bá tó méjì léraléra, ẹ gbé èyí tó kẹ́yìn nínú wọn mì, ẹ máa bá oògùn lọ, kí bàbá sì lo kọ́ńdọ̀mù títí ẹ ó fi lò ó fún ọjọ́ 7 láìfò. Nínú káàdì oní-28, àwọn 7 tó gbẹ̀yìn kì í dá oyún dúró. Èyí tẹ́ ẹ bá fò nínú wọn ò ba nǹkan kan jẹ́.

Àwọn kan ní Amoxicillin máa ń ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rifampicin tí wọ́n ń fún àwọn tó ní ikọ́ ife, àti oògùn wárápá bíi carbamazepine, àwọn yẹn gan-an lẹ gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kì í fò ó rárá, èyí tó ń lóyún lọ́dún kò tó 1. Ṣùgbọ́n bá a ṣe ń lò ó nínú wàhálà ayé yìí, tá à ń gbàgbé, ó máa ń tó 7. Nítorí náà ìbẹ̀rù ẹ̀ kì í ṣe ti asán. Síbẹ̀, oògùn yìí fúnra ẹ̀ máa ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, oṣù míì sì wà tí kò ní wá rárá, láìsí oyún.

Ó tún ń bẹ̀rù pé bóun bá lóyún, oògùn tóun ti gbé mì á ti ba ọmọ jẹ́. Rárá o. Ẹ kàn dá a dúró, kẹ́ ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún. Àmọ́ bí inú bá ń dunni gan-an lápá kan, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń kán, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ẹlòmíì á ní kí ló kan Oníṣẹ̀ṣe pẹ̀lú ìfètò. Ṣé àwọn ìyá wa kì í yẹra fún ọkọ fún ọdún méjì sí mẹ́ta, títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú ni? Ẹ dá Ifá tẹ́ ẹ bá fẹ́, èmi náà á dá a. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ò ní kí Ifá má sọ̀rọ̀. Bó bá ti pé ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá ọkọ sùn kẹ́yìn, èsì ẹ̀ ṣeé gbára lé.

Ó ṣe é. Ìlà kan ṣoṣo ló yọ. Ìgò yẹn, a jọ dà á nù ni. Ó ti gbé káàdì oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá omi tútù Ọ̀ṣun ẹ̀, torí kò sídàájí tí kì í débẹ̀ kó tó lọ sọ́jà.