Ta Ló Pa Iná Olókun?

Ọmọ Yorùbá tó bá dé ọjà ńlá Treichville ní Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, kò ní í pẹ́ kó tó gbọ́ èdè ilé. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò ti fi ìlú yẹn ṣe ilé kejì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, Anango ni àwọn onílé sì ń pè wọ́n. Nígbà kan tí mo dé ọjà náà, iwájú ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ni mo dúró sí. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wà níbẹ̀, tọwọ́ wà níbẹ̀, tìdí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní baya náà sì so rọ̀ jìngbìnnì.

Mo kí ìyá, mo sì bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń kó ọjà wọn.

Wọ́n ní, "Ṣáínà ni tàwọn wẹ́wẹ́ yìí ti wá. Àwọn ńláńlá tó wà lókè yẹn, àwọn ará Gánà ló ṣe wọ́n."

Mo ní, "Ìyá, èwo ló wá láti ilé wa níbẹ̀?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ilé wa kẹ̀? Ilé wa kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ọmọ mi. Rírà ni ilé wa ń rà á."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá yìí kò parọ́, ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn dùn mí gan-an nìyẹn. Bí èèyàn bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, wọn ì bá bi í pé ìlú wo ló ti wá. Nínú Igbó Olókun tó wà ní Ifẹ̀, iná iléru ni àwọn baba wa fi ń yọ́ gíláàsì, tí wọ́n sì fi ń ṣe sègi àti oríṣiríṣi ìlẹ̀kẹ̀.

Ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ifẹ̀, tó rí àwọn ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ nínú. Ó rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ náà, ẹnu yà á. Ṣùgbọ́n dípò kó gbà pé ọgbọ́n orí àwọn baba wa ni gbogbo rẹ̀ ti wá, ìtàn Atlantis ló gbé jáde, ìyẹn ìlú inú àlọ́ tí àwọn Gíríìkì ní òkun gbé mì. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gba àlọ́ gbọ́ ju kó gba ènìyàn dúdú gbọ́ lọ.

Àwọn ọmọ wa ló já irọ́ yẹn. Ní 2006, Ọ̀mọ̀wé Akin Ige ti Yunifásítì Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé èròjà tó wà nínú gíláàsì Ifẹ̀ kò bá ti Lárúbáwá mu, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ti òyìnbó mu. Ní 2011 àti 2012, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babátúndé Babalọlá gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Olókun, ìlẹ̀kẹ̀ tó rí níbẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún méjìlá, yàtọ̀ sí àfọ́kù ìkòkò àti èérún gíláàsì. Irú gíláàsì yìí kan náà ni wọ́n sì rí ní Gao, lórílẹ̀-èdè Màlì. Ìyẹn ni pé àwa là ń tà nígbà náà, àwọn ẹlòmíràn ló ń rà.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Kí èèyàn fọ́ ìgò, kó tún un yọ́, iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn Masaga ní Bídà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn Krobo ní Gánà náà sì ń gún ìgò lúbúlúbú, wọ́n ń dà á sínú ohun tí wọ́n fi amọ̀ mọ, wọ́n ń fi igi ewé ẹ̀gẹ́ sí i láàárín kó lè ní ihò, kí wọ́n tó gbé e sínú iná. Ṣùgbọ́n láti inú ilẹ̀ gan-an ni Ifẹ̀ ti ń mú gíláàsì tirẹ̀ jáde. Lónìí, àwọn Masaga àti Krobo ṣì ń jẹun nídìí iṣẹ́ wọn. Àwa tí tiwa jinlẹ̀ jù, tiwa ló parẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ Venice àti ti àwọn ìlú òyìnbó mìíràn gba ọjà, iná Olókun kú, ìmọ̀ náà sì bá àwọn tó ni ín wọlẹ̀.

Ṣé ohun tó ti kú tún lè jí? Ẹ jẹ́ kí n fi abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé dá yín lóhùn. Meisenthal lorúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò sì pé ẹgbẹ̀rún kan. Ọdún 1704 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ gíláàsì wọn sílẹ̀, ó sì kógbá wọlé ní 1969. Àwọn ará ibẹ̀ kò káwọ́ gbera. Wọ́n tọ́jú àwọn irinṣẹ́ àtijọ́, wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, nígbà tó sì di 1992, wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti tún iná náà dá. Bọ́ọ̀lù gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe igi Kérésìmesì lọ́ṣọ̀ọ́ ni àwọn èèyàn ń wá rà lọ́wọ́ wọn báyìí.

Abúlé tí kò lọ́ba tí kò níjòyè ṣe èyí. Ifẹ̀ ní ọba, ó ní yunifásítì, ó ní ọmọ tó lówó lọ́wọ́. Síbẹ̀, ilé ti bo apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ Igbó Olókun. Ẹ jẹ́ ká dáàbò bo ìwọ̀nba tó kù. Kí yunifásítì ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀gá Masaga láti Bídà, kí wọ́n jókòó ti àwọn onímọ̀ wa, kí àwọn ọ̀dọ́ sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Owó tí a ń ná síbi ayẹyẹ ọjọ́ kan ṣoṣo lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dìde.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Tiwa tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdí ọmọ wa la fi ìlẹ̀kẹ̀ sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn ló ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, òun náà ló ń gbowó rẹ̀. Ọjà kò tíì tú ní Treichville o. Bí èmi bá tún dé iwájú ìyá yẹn, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi hàn mí ni ẹ̀ka ìlẹ̀kẹ̀ kan, ẹyọ kan péré, kí wọ́n sì sọ pé, "Ọmọ mi, èyí wá láti ilé."