Kí Ẹ Tó Ra Férémù Àwòrán fún Màmá Àgbà

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀bùn kan ránṣẹ́ sí Màmá Àgbà ní Wásinmi, nítòsí Ìkirè. Férémù àwòrán ìgbàlódé ni, irú èyí tí a ń gbé sórí tábìlì, tí àwòrán inú rẹ̀ ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀, tí ọmọ tó wà lókè òkun sì lè fi àwòrán tuntun ránṣẹ́ sí láti orí fóònù. Inú Màmá dùn púpọ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń pè kó wá wo àwọn ọmọ-ọmọ wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo dé Wásinmi láìsọ tẹ́lẹ̀, mo sì bá Màmá nínú ààwẹ̀ ọjọ́ kẹta. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n nawọ́ sí férémù náà. Ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, àfi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan tó ń sọ pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

"Àwòrán ọmọ àbúrò rẹ ló wà níbẹ̀ kí ó tó dúdú," ni wọ́n wí. "N kò pè yín. Bí mo bá pè yín, irọ́ ni ẹ máa pa fún mi."

Dátà inú ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré tí a rà sílé ló tán. Ọmọ náà wà ní àlàáfíà. Mo pè é lórí fóònù, Màmá gbọ́ ohùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó jẹun.

Ẹ má ṣe pe èyí ní àìmọ̀kan. Lójú àwọn àgbà wa, àwòrán kì í ṣe bébà lásán. Stephen Sprague, ẹni tó ṣèwádìí nípa iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn, èyí tó kù ni wọn yóò yà, onífọ́tò yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí àwọn méjèèjì lè wà pa pọ̀. Ẹni tó dàgbà láàárín irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò lè fi ojú yẹpẹrẹ wo àwòrán tó ṣàdédé pòórá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ ra férémù fún àgbàlagbà, ẹ má ṣe fi ẹwà rẹ̀ ṣáájú. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè ni pé: bí dátà bá tán, ṣé àwòrán yóò ṣì máa hàn? Àwọn férémù kan wà tó jẹ́ pé inú wọn gan-an ni àwòrán ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń lo Frameo rí, áàpù kan tó wá láti Denmark. Àwòrán tuntun nìkan ni wọ́n nílò íntánẹ́ẹ̀tì fún. Bí ó bá tún ní ojú ihò mẹ́mórì káàdì, ẹ lè kó àwòrán ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ sínú rẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè kejì kan iná. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 5V àti 2A, kò lè jẹ ju wáàtì 10 lọ. Power bank 20,000 mAh tó ṣì dára lè gbé e fún nǹkan bíi wákàtí 6. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ tún fi í padà. Bí àwòrán kò bá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ tò ó parí nílé yín kí ẹ tó gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ férémù kò mọ ju Wi-Fi 2.4 GHz lọ, nítorí náà ẹ fi irú fóònù tàbí ẹ̀rọ tí wọn yóò lò nílé dán an wò. Ọ̀pọ̀ ló tún máa ń paná ojú rẹ̀ lóru. Ẹ sọ èyí fún àgbà náà, kí òkùnkùn má baà já wọn láyà. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń gba owó oṣooṣù, ẹ pinnu ẹni tí yóò máa san án.

Èyí tó kẹ́yìn ni ẹni tó lè fi àwòrán ránṣẹ́. Frameo máa ń fún ni ní kóòdù. Skylight ń fún férémù kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì ímeèlì tirẹ̀. Ẹ má ṣe pín in káàkiri. Kí ẹnì kan nínú ẹbí máa mójú tó o, kí ó má sì fi àwòrán olóògbé síbẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti bi àgbà náà léèrè.

A ti ra òmíràn fún Màmá, èyí tó ń pa àwòrán mọ́ sínú ara rẹ̀. Mo ṣàlàyé òkùnkùn fún wọn lọ́jọ́ tí mo gbé e dé. Ní báyìí, bí iná bá lọ tí power bank sì tán, Màmá a ní, "Àwọn ọmọ ti lọ sùn." Wọn a sì lọ sùn pẹ̀lú.