Ọjọ́ Mẹ́ta Lẹ́nu Iṣẹ́ Ọba l'Ékòó

Nígbà tí owó ọkọ̀ fò sókè lẹ́yìn tí Ààrẹ Tinúbú kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí ọ̀nà ibi iṣẹ́ sì wá di ẹrù lọ́rùn òṣìṣẹ́, ni Gómìnà Sanwó-Olú kéde, ní oṣù Kejì ọdún 2024, pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó tí ó wà ní ìpele 1 sí 14 máa wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí àwọn ọ̀gá ìpele 15 sí 17 sì máa wá ní mẹ́rin. Ẹni tí ń wọ danfó láti Ìkòròdú dé Aláúsá, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, mọ oore tí èyí ṣe àpò rẹ̀. Àmọ́ ṣá o, fáìlì tí ń retí ìbuwọ́lùwé kì í bá akọ̀wé dé ilé ní ọjọ́ tí kò wá sí ọ́fíìsì, bí iná bá sì lọ níbẹ̀, owó tí kò fi wọkọ̀ yóò bọ́ sẹ́nu jẹnẹrétọ̀. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà: kí ìjọba là á sílẹ̀ kedere, iṣẹ́ wo ni ti ilé, iṣẹ́ wo ni ti ọ́fíìsì, nítorí ẹni tí ó ti Ẹ̀pẹ́ wá gba ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ pé ẹni tí yóò dá a lóhùn kò sí lórí àga lónìí.