Akẹ̀sán Kan Ti Wà Ṣáájú Akẹ̀sán

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè jáde náà, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá. Fídíò àwọn tó ń gun òkè ní aṣálẹ̀ Mòrókò kún orí fóònù wa, a sì ń wí pé ó wù wá. Ta nínú wa ló ti gun Òkè Agbakú rí?

Bí a bá dé Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, a ó ra gààrí, a ó ya fọ́tò, ó tán. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣí wá láti Ọ̀yọ́-Ilé ló gbé orúkọ ọjà yẹn wá sí Àgọ́ Ọ̀jà, nígbà Àtìbà. Ọba ṣì wà ní Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tí Clapperton débẹ̀ ní 1826. Kò pé ọdún 15 lẹ́yìn náà tí ìlú fi di ahoro. Àwọn òkè rẹ̀ àti àwókù odi rẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà ìjọba tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìsokùn, ní Ọ̀yọ́ níbí!

Inú ìwé la ti ń kọ́ ìtàn ibẹ̀, a sì ń fi gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ bá dé, ilé ìtajà ńlá ni wọ́n ń kó wa lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mà ni wá o.

Wọ́n á ní igbó ń bani lẹ́rù. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni kí ẹ̀ka wa ṣe kọ̀wé sí ọgbà náà, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn mú wa lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́tà kan péré ni. Ẹ bá wa bi wọ́n: ta ló ti kọ ọ́ rí?