Irọ́ Ni! Èébú Kọ́ Ló Ń Mú Bọ́ọ̀lù Dùn

Sí gbogbo òbí, ẹ̀gbọ́n àti olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń gbé ìlú Bìní

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbàlagbà máa ń sọ nílùú yìí bí ẹni pé òfin ni: pé bọ́ọ̀lù tí kò bá ní èébú nínú kò tíì di bọ́ọ̀lù. Ẹ ó gbọ́ ọ ní pápá ìṣeré Samuel Ogbemudia lọ́jọ́ tí Bendel Insurance bá ń gbàlejò. Ẹ ó gbọ́ ọ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Uselu àti ní Ugbowo. Ẹ ó sì gbọ́ ọ létí pápá ilé ìwé, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Rẹfirí fọn fèrè tí kò tẹ́ wa lọ́rùn, a bú ìyá rẹ̀. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ gólì, a bú bàbá tó bí i. Ọmọ wà lórí itan wa, ọmọ wà léjìká wa, síbẹ̀ ẹnu wa ò dákẹ́. Bí ẹnì kan bá sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé wà níbí," èsì ti wà nílẹ̀ fún un: "Bọ́ọ̀lù ni. Èébú kì í so mọ́ni lára."

Irọ́ ni. Nítorí àtijá irọ́ yìí ni mo ṣe kọ ìwé yìí, gbogbo àwáwí tí wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni mo sì fẹ́ dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ní í sọ kò gùn. Nígbà tí a bá ń bú èèyàn níwájú ọmọ nítorí bọ́ọ̀lù, ẹ̀kọ́ là ń kọ́ ọmọ náà: pé ẹni tó bá ṣàṣìṣe lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ti di ẹni tí a lè tẹ̀ mọ́lẹ̀, tòun ti ìyá tó bí i. Ọmọ náà kò sì ní pẹ́ ṣe àṣìṣe tirẹ̀.

Wọ́n ní: "Ọmọ á kúkú gbọ́ ọ níta"

Àwáwí yìí ni wọ́n gbójú lé jù, ó sì ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Kò sí ọmọ tó wọ bọ́ọ̀sì láti Ring Road dé Ikpoba Hill tí kò ní gbọ́ èébú lójú ọ̀nà. Timothy Jay, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí ọ̀rọ̀ rírùn lẹ́nu àgbà àti ọmọdé, kọ ọ́ lọ́dún 2009 pé kò sí ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ burúkú tó kàn ta sí ọmọ létí ń pa á lára. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Jay kan náà ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára èébú tí a dìídì sọ láti fi tẹ́ èèyàn. Ọ̀rọ̀ tó ta síni létí yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí a jù luni. Lọ́dún 2006, Martin Teicher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà bákan náà, tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn fi èébú tọ́ dàgbà ní ìrẹ̀wẹ̀sì, ìdààmú ọkàn àti ìbínú ju àwọn tí a kò tọ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Èwo la wá ń gbọ́ ní pápá bọ́ọ̀lù nínú méjèèjì? Èyí tí a ń jù lu èèyàn ni. Ta ló sì ń jù ú? Ọmọ mọ̀ pé awakọ̀ tó ń bú èèyàn ní Ring Road kì í ṣe bàbá òun. Ẹni tó ń bú èèyàn ní pápá ni bàbá tó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un, tó dì í lọ́wọ́ mú wọlé, tó ń kọ́ ọ nílé pé kó máa kí àgbà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bó bá jẹ́ lẹ́nu bàbá ni ọmọ ti kó èébú, ta ni ìyá rẹ̀ tàbí olùkọ́ rẹ̀ máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún un kó lè jáwọ́?

Wọ́n ní: "Èébú ló ń mú agbábọ́ọ̀lù le"

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ìlú yìí gan-an. Ìlú Bìní ni wọ́n ti bí Yakubu Aiyegbeni lọ́dún 1982. Góòlù 95 ló gbá wọlé nínú Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2010, ní Durban, Nàìjíríà ń bá South Korea gbá nínú Ife Àgbáyé. Ayila Yussuf, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbá bọ́ọ̀lù sí i níwájú ilé tó ṣófo, Yakubu sì tì í síta. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí a rí pẹnárítì gbà. Yakubu kan náà ló gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó sì gbá a wọlé. Ọ̀mì 2-2 ni ó já sí, Nàìjíríà sì padà sílé.

Èwo la fi ń kọ́ ọmọ nínú bọ́ọ̀lù méjèèjì? Ọmọ tí wọn ò tíì bí lọ́dún 2010 mọ bí a ṣe ń fi Yakubu ṣẹ̀sín. Ta ló sọ fún un nípa pẹnárítì náà? Ẹni tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ tì, tó tún jáde wá gba bọ́ọ̀lù tó ṣòro jù lọ́wọ́ àwọn yòókù, òun ló yẹ kí ọmọ Bìní máa gbọ́ ìtàn rẹ̀. Èébú wa ti bo ìtàn yẹn mọ́lẹ̀.

Wọ́n tún máa ń fa Odion Ighalo, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, yọ. Lọ́dún 2018, lẹ́yìn tí Argentina nà wá 2-1 nínú Ife Àgbáyé ní St Petersburg, àwọn kan wá a dé ojú ìwé ìyàwó rẹ̀ lórí Instagram, wọ́n bú òun, wọ́n bú àwọn ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbá góòlù márùn-ún wọlé nínú Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì, kò sì sẹ́ni tí góòlù rẹ̀ tó tirẹ̀. "Ṣé ẹ rí i?" ni wọ́n ń wí. "Èébú ló jí i." Rárá o. Kóòṣì Gernot Rohr kò já a sílẹ̀. Ó tún mú un wọ pápá ní Uyo ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 kan náà, Ighalo sì gbá góòlù mẹ́ta wọ ilé Libya. Ẹni tó fọkàn tán an ló tún fún un láàyè, kì í ṣe àwọn tó ń bú ọmọ rẹ̀. Alex Iwobi ńkọ́? Lẹ́yìn àṣekágbá Ife Áfíríkà ní Abidjan, oṣù kejì ọdún 2024, èébú pọ̀ débi pé ó yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram, tí Ahmed Musa, balógun ẹgbẹ́ nígbà náà, fi ní láti jáde bẹ aráyé. Ọkùnrin tó lówó, tó lórúkọ, tó ti gbá bọ́ọ̀lù káàkiri ayé nìwọ̀nyí. Báwo ni yóò ṣe rí lára ọmọ ọdún mẹ́wàá?

Ẹ lọ wò ó fúnra yín nírọ̀lẹ́, níbikíbi tí àwọn ọmọdé bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ekenwan Road. Ẹ má wo bọ́ọ̀lù, gólì kékeré ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bọ́ọ̀lù á gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, àgbàlagbà kan á sì kígbe látẹ̀gbẹ́ pápá pé, "Olódo! Ìyá ẹ!" Nígbà tí bọ́ọ̀lù kejì bá ń bọ̀, ojú ọmọ yẹn ò ní sí lára bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni yóò máa wò, níbi tí ohùn yẹn ti jáde. Apá rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara, orúnkún rẹ̀ á gan, bọ́ọ̀lù tí ì bá fọwọ́ kan mú á sì kọjá lọ. Wọ́n á tún bú u fún ìyẹn náà. Ẹ wá fi èyí tó ń mú un le hàn mí níbẹ̀. Kóòṣì tó mọṣẹ́ á ní, "Gbàgbé ìyẹn, èyí tó ń bọ̀ ni kó o mú," ojú ọmọ á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní: "Ojúsàájú rẹfirí ló ń fà á"

A mọ̀ pé àwọn rẹfirí kan ń ṣojúsàájú. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni rẹfirí gbọ́ èébú ìyá rẹ̀ tó wá yí ìdájọ́ padà? Kọmíṣọ́nà máa ń wà ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì wa láti kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sì lè kọ̀wé ẹ̀sùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn ní tòótọ́ á gba ọ̀nà yẹn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó: èébú ló máa ń ṣíwájú, ike omi àti òkò á tẹ̀ lé e, owó ìtanràn á sì já lé ẹgbẹ́ tí a ní a fẹ́ràn lórí.

Ẹ tún yẹ ìwé òfin bọ́ọ̀lù wò. Òfin kejìlá sọ pé agbábọ́ọ̀lù tó bá sọ ọ̀rọ̀ èébú tàbí ọ̀rọ̀ àbùkù, káàdì pupa ló tọ́ sí i. Ẹni tí òógùn bò, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ní ojúgun, òfin ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Àwa tí a jókòó jẹ́ẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, kí ni àwíjàre tiwa? Ẹni tó bá ní èébú wà lára bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ti já a nírọ́.

Wọ́n ní: "Láìsí èébú, pápá á tutù"

Àwọn wo ni ariwo wọn pọ̀ jù lẹ́yìn Super Eagles? Nigeria Football Supporters Club ni, tí Rafiu Ladipo ṣe olórí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlù, fèrè àti orin ni wọ́n ń gbé lọ sí pápá, wọn kì í sì í dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pápá kì í tutù níbi tí wọ́n bá wà.

Àwa ọmọ káàárọ̀-oòjíire la ni oríkì, tí a lè fi ki èèyàn títí orí rẹ̀ á fi wú. Àwọn Ẹ̀dó tó ni ìlú tí a ń gbé náà ní tiwọn: ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni àárọ̀ tí ọmọ fi ń kí òbí, Lamogun sì ni ti ìdílé Ọba. Ọmọ á kúnlẹ̀ láàárọ̀, á fi ìkíni ìdílé bọlá fún bàbá rẹ̀. Bó bá dìrọ̀lẹ́, bàbá kan náà á mú un lọ síbi tí òun ti ń fi ìdílé ẹlòmíì wọ́lẹ̀. Èwo ni ká ní kí ọmọ gbà gbọ́? Àwa tí a ní ohùn tó pọ̀ tó báyìí láti fi gbé èèyàn ga, kò sí ohun tó fà á tí èébú á fi jẹ́ orin kan ṣoṣo tí a mọ̀.

Wọ́n ní: "Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fi ọmọ rẹ̀ sílé"

Ṣé àwọn tó ń sọ èyí ti ro ìgbẹ̀yìn rẹ̀? Insurance gba líìgì lọ́dún 1973 àti 1979, ó gba CAF Cup lọ́dún 1994. Lẹ́yìn Ife FA ti ọdún 1980, ọdún 43 ló fi dúró kó tó tún gba ife náà, lọ́dún 2023. Ta ló ń dúró ti ẹgbẹ́ kan fún ọdún 43? Ẹni tí wọ́n mú lọ sí pápá nígbà tó wà lọ́mọdé ni. Bí ẹ bá lé ọmọdé sílé lónìí, ẹ ti sọ ìjókòó ọ̀la dòfìfo.

Ti àwọn ọmọbìnrin tún burú ju èyí lọ. Ẹ fetí sí èébú pápá dáadáa: ara ìyá àti ara obìnrin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Edo Queens, àwọn ọmọbìnrin ìlú yìí, gba líìgì Nàìjíríà lọ́dún 2024, wọ́n sì ṣojú wa ní Morocco nínú Champions League àwọn obìnrin Áfíríkà. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ tó fẹ́ dà bíi wọn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ó ń gbọ́ pé ara bíi tirẹ̀ ni ohun tó dọ̀tí jù tí ọkùnrin lè fi bú ọkùnrin. Òun ni ẹ ní kó jókòó sílé? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí iyì rẹ̀, ó sì kọ ìpalára ti ara àti ti ọkàn fún un. Ẹnubodè pápá kò fagi lé òfin náà.

Bí wọ́n bá sì ní àwọn Òyìnbó pàápàá ń bú èèyàn, ẹ sọ fún wọn pé ìdí nìyẹn tí àjọ FA ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dá ètò Respect sílẹ̀ lọ́dún 2008, nítorí èébú ń lé àwọn rẹfirí wọn kúrò nídìí iṣẹ́. Wọ́n fa okùn sí ẹ̀gbẹ́ pápá àwọn ọmọdé kí òbí má bàa dúró lé àwọn ọmọ lórí. Àìsàn tí wọ́n ń wá oògùn sí ni àwa ń pè ní adùn.

Ohun tí a ó ṣe

Ẹ̀yin alákòóso pápá, ẹ fi gbohùngbohùn sọ ọ́ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ pé àwọn ọmọdé wà nínú ìjókòó, kí ẹ sì ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ìdílé, kí òṣìṣẹ́ máa mójú tó o. Ẹ̀yin kóòṣì àwọn ọmọdé, ẹ fa ìlà lẹ́yìn ìlà pápá, kí òbí dúró síbẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá bú ọmọ, ẹ dá bọ́ọ̀lù dúró títí yóò fi kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin olórí àwọn alátìlẹ́yìn, ẹ kọ́ wa ní orin tí ọmọ lè kọ délé níwájú ìyá rẹ̀ àgbà.

Ẹ̀yin òbí, tiyín ló pọ̀ jù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá la ẹnu sí èébú, ẹ má bá a jà. Ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọmọ ń gbọ́." Bí kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ sọ ọ́ fún un ní Píjìn. Bó bá tún ṣe é, ẹ tún un sọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn yín náà sì bá yín sọ ọ́. Ẹni tí ogún èèyàn bá bẹ̀ nínú ìjókòó kan náà á wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ń bọ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yín wá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ kọrin títí ohùn yín á fi há. Ẹ bínú sí rẹfirí bó bá ṣe ohun tó tọ́ sí ìbínú, kí ẹ sì pariwo pé ìdájọ́ rẹ̀ kò tọ́. Ẹ má bú ìyá ẹnikẹ́ni.