Ọgbà Ilé: Omi Àpọ̀jù àti Gbòǹgbò Ọ́kíìdì

Ẹ̀bi wa ni a fẹ́ jẹ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹlòmíràn má baà ṣubú sínú ọ̀fìn kan náà. Ọmọbìnrin wa fi ìkòkò òdòdó ọ́kíìdì kan ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ, àwa sì gba ìtọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́. Àràárọ̀ ni a ń bomi rin ín. Nígbà tí ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, a ṣebí òùngbẹ ni. A tún fi kún omi náà. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti kú. Nígbà tí a fà á yọ, gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà. Lóòótọ́, àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Àìmọ̀ ni ó fa èyí. Irú èyí tí a ń pè ní Phalaenopsis, tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn ọ́kíìdì tí a ń tà, inú igbó Éṣíà ni ó ti wá. Orí igi ni ó sì ń gbé, kì í ṣe inú ilẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ọ́kíìdì mìíràn ń bẹ lórí igi nínú igbó tiwa náà. Ẹ má ṣe kà wọ́n mọ́ àfòmọ́. Àfòmọ́ a máa fa oje igi tí ó lẹ̀ mọ́ mu. Ṣùgbọ́n ọ́kíìdì kàn di igi mú ni. Òjò àti ìrì ni ó ń mu, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí gbòǹgbò rẹ̀. Bí a bá rì í sínú ẹrẹ̀, gbòǹgbò náà kò rí èémí mí, yóò sì rà. Gbòǹgbò tí ó ti rà kò lè fa omi mọ́. Nítorí náà ni òùngbẹ fi ń pa á láàárín omi.

Nígbà tí òdòdó bá ti rẹ̀ tán, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò. Gbòǹgbò tí ó le, ẹ fi í sílẹ̀; èyí tí ó dúdú tí ó sì rọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ tí a ti yọ́ níná tí ó sì ti tutù gé e kúrò. Ẹ má lo yẹ̀pẹ̀: èèpo igi wẹ́wẹ́ àti èédú díẹ̀ ni kí ẹ fi tún un gbìn, nínú ìkòkò tí a lu ihò sí nídìí, tí kò tóbi ju gbòǹgbò náà lọ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó bomi rin ín. Ní bí ọdún 2 síra, ẹ pààrọ̀ èèpo náà, nítorí òun pẹ̀lú a máa jẹrà.

Ní ti omi, ẹ wo gbòǹgbò kí ẹ tó bu ú. Bí ó bá funfun bí eérú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé tútù, ó ti yó. Òwúrọ̀ ni kí ẹ bomi sí i, títí yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí omi dúró nínú àwo abẹ́ rẹ̀ tàbí ní àárín ewé.

Ọmọ wa ti fi òmíràn ránṣẹ́, kò sì béèrè ti àkọ́kọ́. Àwa kò tíì sọ fún un. Bí ó bá ka ojú ewé yìí, yóò mọ̀. Ìfẹ́ nìkan kò tó fún ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí à ń tọ́jú.